Ìràwọ̀ Algol tó ń ṣẹ́jú

Ìràwọ̀ tí wọ́n ń pè ní Algol yìí wù mí gan-an ni o. Lọ́dún 1783, John Goodricke, ọmọ ọdún 18 tó jẹ́ adití, ní ìlú York ní England, ojú lásán ló fi ń ṣọ́ ọ lálaalẹ́ tó fi rí i pé ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ á dín kù, á tún padà, kì í sì í yẹ̀, ọjọ́ 2 àti wákàtí 20 àti ìṣẹ́jú 49 síra wọn. Ó ní bóyá nǹkan ńlá kan ló ń gba iwájú ẹ̀ kọjá. Òótọ́ sì ni! Ìràwọ̀ méjì ló ń yíra wọn po, èyí tí ò mọ́lẹ̀ tó ló ń bo èkejì fún bíi wákàtí 10. Ọgbọ́n ká máa ṣọ́ ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ tó ń dín kù yìí náà ni Kepler, awò awọ̀nàjíjìn tí NASA, àjọ òfuurufú Amẹ́ríkà, rán lọ sójú sánmà, fi wá pílánẹ́ẹ̀tì kiri.