Kò ṣubú, ó kàn sùn ni

Ọjọ́ Ajé, alẹ́. Ọwọ́ òsì nìkan ni mo fi ń tẹ èyí, nítorí náà ẹni tó bá rí àmì ohùn tó sọnù, kó bá mi fi í sí ipò rẹ̀.

Ọjọ́ karùn-ún rèé tí mo ṣubú lórí alùpùpù. Orúnkún ti ń ká díẹ̀díẹ̀. Mo wẹ̀, mo pààrọ̀ báńdéèjì, mo sùn lọ́sàn-án, mo jí, mo tún sùn. Mẹkáníìkì pè, mi ò gbé e. Tòní tán nìyẹn.

Ohun tó gbé mi jókòó síwájú kọ̀ǹpútà ni ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn.

Mi ò mọ̀ ọ́n rí. Kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ. Òun àti ìyá rẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì lábẹ́ agbòjò kan nígbà tí Àbẹ̀ní, alùpùpù mi, yọ̀ lábẹ́ mi lórí irin rélùwéè. Mo wà nílẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún mi nínú omi, ẹsẹ̀ kan lábẹ́ máṣíìnì, mo ń ka ẹ̀yà ara mi lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka ẹrù: ọwọ́ méjì, ẹsẹ̀ méjì, eyín pé. Àárín kíkà yẹn ni mo gbọ́ ohùn tín-ín-rín kan tó ní:

"Màmá, kò ṣubú o. Ó kàn sùn ni."

Ìyá rẹ̀ jágbe mọ́ ọn: "Pa ẹnu ẹ mọ́!" Ó sì fà á lọ́wọ́ lọ.

Ó kàn sùn ni. Nínú akoto níbẹ̀ yẹn, mo rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo délé ni inú tó bí mi. Ẹni tí orúnkún rẹ̀ bó báyìí, tí ṣòkòtò rẹ̀ ya láti itan dé ojúgun, òun ni wọ́n ní ó sùn? Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo tún un sọ fún ara mi tó ìgbà mẹ́wàá, nígbà mìíràn pẹ̀lú ẹ̀rín, nígbà mìíràn pẹ̀lú òṣé.

Kí n má purọ́, ọmọ náà jàre. Mi ò fò. Mi ò tàkìtì. Mi ò gbá ohunkóhun. Eré tí mo ń sá nígbà yẹn ò ju ti ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ. Irin méjèèjì ò dábùú títì níbẹ̀ yẹn. Ńṣe ni wọ́n fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí wọ́n tó gé e kọjá, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá ń bọ̀ tààrà, táyà rẹ̀ á fẹ́ bá irin lọ dípò kó gorí rẹ̀ kọjá. Òjò wínníwínní ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọjọ́ tí ilẹ̀ ti gbẹ, irú òjò tí kì í fọ títì, tó kàn máa ń gbé òróró tí ọkọ̀ ti ń dà sílẹ̀ láti ọjọ́ yìí jáde sójú. Táyà iwájú kan irin, mo fi ìka kan, ìka kan ṣoṣo, kan bíréèkì. Bí ìgbà tí wọ́n bá fa ẹní lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni. Àbẹ̀ní dùbúlẹ̀, mo bá a dùbúlẹ̀.

Èmi yìí kan náà! Èmi tí mo ti pariwo rẹ̀ níbí títí ó fi sú yín: ẹ jẹ́ kí táyà dábùú irin, bó bá ṣeé ṣe kó tó ìwọ̀n dígírì 90 gan-an, bí àyè ò bá gbà, kó má dín ní 45; ẹ mú máṣíìnì dúró ṣánṣán; ẹ ti dín eré kù kí ẹ tó débẹ̀; bí ẹ bá ti wà lórí irin, ẹ má fọwọ́ kan bíréèkì, ẹ má sì fi kún eré. Irin tí omi wà lórí rẹ̀ àti ọṣẹ, ọmọ ìyá ni wọ́n. Mo mọ gbogbo rẹ̀. Ìka kan ni kò mọ̀ ọ́n.

Kí ló wá dé tí ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lára mi? Bóyá torí pé ìṣubú tí kò tó ìṣubú kì í rí àánú gbà. Ẹ̀gbọ́n mi pè lọ́jọ́ kejì. "Ṣé o kán lẹ́sẹ̀?" Rárá, mà. "Ṣé wọ́n rán ojú egbò?" Wọn ò rán an, mà. "Ẹ̀jẹ̀ ńkọ́?" Ó ti dá. "Háà, Ọlọ́run ṣeun nígbà náà." Kíá, wọ́n ti bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ilé tí wọ́n ń wá. Mo ń dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni, mà" pẹ̀lú yìnyín lórí orúnkún. Kí ni mo fẹ́ kí wọ́n ṣe? Kí wọ́n sunkún? Bí wọ́n bá sunkún, èmi náà ni máa tún bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dákẹ́. Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́. Mo kàn fẹ́ kí ẹnì kan sọ pé mo ṣubú.

Ara mi kúkú mọ̀. Lọ́jọ́ náà gan-an kò dùn mí tó bẹ́ẹ̀, ara ṣì ń gbóná. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni ọrùn, èjìká, ìbàdí àti àwọn iṣan tí mi ò mọ̀ pé mo ní kóra jọ wá kí mi. Itan pupa lákọ̀ọ́kọ́, ó wá dúdú bí aró. Lónìí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣe bí ewé tó fẹ́ rẹ̀.

Egbò orúnkún àti ti ìgbọ̀nwọ́, omi àti ọṣẹ ni nọ́ọ̀sì fi fọ̀ wọ́n títí gbogbo yanrìn fi jáde. Mi ò ní sọ̀rọ̀ nípa yanrìn yẹn. Ó bi mí nígbà wo ni mo gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì kẹ́yìn. Mo ń ronú, ó ní ẹni tó bá ní láti ronú, ó ti ju ọdún márùn-ún lọ nìyẹn, ó gún mi. Ó wá ní kí n máa fi básílíìnì pa egbò náà, kí n bò ó, kí n má jẹ́ kó gbẹ. Mo bá a jiyàn díẹ̀. Èmi tí wọ́n fi atẹ́gùn tọ́jú egbò mi láti kékeré, pé kó lè tètè gbé èépá! Ó kàn wò mí. Mo délé, mo wá a wò: George Winter ti fi hàn láti 1962, lára ẹlẹ́dẹ̀, pé egbò tí a bò kó má gbẹ máa ń tètè yọ awọ tuntun ju èyí tí a ṣí sílẹ̀ fún atẹ́gùn lọ. 1962! Gbogbo orúnkún tí mo bó nígbà èwe, èépá lásán ni mo ń ṣọ́.

Ọwọ́ ni mi ò tíì mọ bó ṣe jẹ́. Àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún ni mo fi gba ilẹ̀. Dókítà fi ìka tẹ kòtò kékeré tó wà nídìí àtàǹpàkò, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò kúrò lórí àga. Wọ́n ya àwòrán egungun, wọn ò rí nǹkan kan. Ó ní ìyẹn ò tíì tán an: egungun kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní scaphoid, bó bá sán, ó lè má hàn nínú àwòrán àkọ́kọ́, ẹ̀jẹ̀ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ dé apá kan rẹ̀, kì í tètè jiná bí wọ́n bá fojú fò ó. Wọ́n di ọwọ́ náà, wọ́n ní kí n padà wá lẹ́yìn ọjọ́ 10 sí 14. Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n mi, bóyá mo kán nǹkan. Bóyá mi ò kán nǹkan. Ó tì mí lójú láti sọ pé ibì kan nínú ọkàn mi ń fẹ́ kí wọ́n rí i.

Rárá o. Mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Kí wọ́n má rí nǹkan kan.

Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, iwájú ló ń wò. Bí àgbà bá ṣubú, ẹ̀yìn ló ń wò. Èmi ò wo ọ̀kankan. Àbẹ̀ní ni mo ń wò, bóyá epo ń jò. Alẹ́ Àbámẹ́ta, nígbà tí oorun kọ̀ tí kò kùn mí, ni mo tó wo ẹ̀yìn.

Ọkọ̀ akẹ́rù kan wà lẹ́yìn mi. Kì í ṣe pé mi ò mọ̀. Awakọ̀ rẹ̀ ló bá mi gbé máṣíìnì dìde, tó ń wí pé "Pẹ̀lẹ́, ọ̀gá, pẹ̀lẹ́" bí ẹni pé òun ló jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n mi ò wo ibi tó dúró sí. Orí ibùsùn ni mo ti tó rí táyà rẹ̀, bó ṣe ga, bí omi ṣe ń kán lára rẹ̀. Ká ní mo na ọwọ́ ni, máa kàn án kí apá mi tó nà tán. Òun náà sì ń bọ̀ wá bá irin kan náà, nínú òjò kan náà. Bó bá pẹ́ díẹ̀ kó tó tẹ bíréèkì...

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn bí ìyá rẹ̀ ṣe gbọ́ ọ.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí àwa àgbà máa ń pè ní sùn nígbà tí a ò bá fẹ́ pe nǹkan náà lórúkọ. Bàbá ti sùn. Ìyá àgbà sùn lóru àná. Mo ti rò pé obìnrin yẹn ń bá ọmọ rẹ̀ wí nítorí àìmọ̀wàáhù ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó rí mi nílẹ̀ tí mi ò mira, ó rí táyà yẹn, ọmọ rẹ̀ wá ní mo sùn. Ohùn rẹ̀ yẹn kì í ṣe ohùn ẹni tó ń bínú. Láti Ọjọ́bọ̀ ló ti wà létí mi, mi ò fetí sí i.

Mo jókòó títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ó dáa. Akoto. Ilà gbọọrọ kan ló wà lára rẹ̀, láti etí ọ̀tún dé ẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ mi ò rántí pé orí mi kanlẹ̀ rárá. Fóòmù inú rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́. Bó bá ti fún pọ̀ láti gba ìlù náà, kì í wú padà, ì báà jẹ́ pé òde rẹ̀ ń dán. Ó ti parí iṣẹ́ nìyẹn. Mi ò tíì lè jù ú nù. Ó wà lórí tábìlì, ó ń wò mí. Ó ń rán mi létí T. E. Lawrence, ológun Gẹ̀ẹ́sì yẹn, tó já lórí alùpùpù ní oṣù Karùn-ún 1935 nígbà tó ń yà fún ọmọdékùnrin méjì tó wà lórí kẹ̀kẹ́. Kò dé akoto. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà ó kú. Hugh Cairns, ọ̀kan nínú àwọn dókítà tó tọ́jú rẹ̀, ò lè gbé e kúrò lọ́kàn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí orí àwọn ológun tó ń gun alùpùpù, ó sì tẹ ohun tó rí jáde ní 1941: akoto ń gba ẹ̀mí là. Ọdún mẹ́fà ni ọkùnrin yẹn fi yí ọ̀rọ̀ kan po. Èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ lo ọjọ́ márùn-ún.

Nírọ̀lẹ́ yìí mo lọ jókòó lórí Àbẹ̀ní níbi tí wọ́n gbé e tì. Dígí ọ̀tún ti fọ́, irin bíréèkì ti tẹ̀, ibi ìgbẹ́sẹ̀lé ti yí sẹ́yìn. Mi ò tan án. Kò sí òjò, kò sí irin, síbẹ̀ ìka yẹn, nínú báńdéèjì, ń dá lọ bá bíréèkì. Mo sọ̀ kalẹ̀.

Mẹkáníìkì fẹ́ mọ̀ bóyá kó wá gbé e. Bí mo bá ní kó wá, mo ti gbà pé máa tún gùn ún nìyẹn. Bí mo bá sì ní kó má wá, máa tún gùn ún náà ni, mo mọ ara mi. Ibi irin yẹn nìkan ni... ọ̀nà mìíràn wà, ó kàn jìn.

Ìyá mi ò tíì gbọ́. Ẹni tó bá lọ sọ fún wọn nínú yín, èmi àti olúwarẹ̀ ni.

Aago mọ́kànlá ti lù. Egbò orúnkún ń yún mi lábẹ́ báńdéèjì. Ẹ jẹ́ kí n lọ dùbúlẹ̀.