Iyán tutù, kò jẹ ẹ́

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi eré kan dé ní Ìsọ̀nà, Iléṣà níbí, ara mi ò tíì balẹ̀.

Ọmọbìnrin kan ló dá a ṣe. Kò kọrin, kò jó. Ó jókòó sórí ẹní, iyán àti ẹ̀fọ́ ẹlẹ́gùúsí wà níwájú rẹ̀, ooru ń jáde. Ó bu òkèlè, ó gbé e dé ẹnu, ó dá a padà. Ó wá gún orí ìka rẹ̀ lábẹ́rẹ́, ó fi ẹfun kọ iye ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀: 241. Ó tún bu òkèlè.

Báyìí ló ń ṣe é ṣáá, títí epo fi dì lórí ẹ̀fọ́, tí iyán sì yi. Ìyá àgbà kan lẹ́yìn mi ò lè mú un mọ́ra: "Ọmọ mi, jẹ díẹ̀ níbẹ̀ jàre!" A bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ náà ò rẹ́rìn-ín.

Màmá mi ni mo rántí. Bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ bá ti tó 126 mg/dL kéèyàn tó fẹnu kan nǹkan láàárọ̀, àtọ̀gbẹ ni. Tiwọn kọjá bẹ́ẹ̀. Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ní kó rọra fún iyán! Ọwọ́ wa ni wọ́n máa ń wò tá a bá ń jẹun.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ẹ ti rí irú eré yìí rí, àbí nílé yín lẹ ti ń wò ó?