Ọmọ yọ ṣìkẹ́npọ́ọ̀sì, ìyá rẹ̀ sì lóyún: ọjọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ kà

Ohun tí àwọn àgbà Abẹ́òkúta ṣì ń pè ní ilẹ̀ẹ́gbóná lára ọmọdé, ṣìkẹ́npọ́ọ̀sì ni lọ́pọ̀ ìgbà. Ilẹ̀ẹ́gbóná gan-an ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ọdún 1980 ni àjọ ìlera àgbáyé kéde pé kò sí mọ́ láyé. Orúkọ àtijọ́ yìí ń kó bá àwọn aboyún, torí bí ilé bá ti gbọ́ ọ, ẹmu tí wọ́n máa fi wẹ ọmọ ni wọ́n ń wá kiri, ọjọ́ sì ń lọ.

Ọmọ tó ní ṣìkẹ́npọ́ọ̀sì ti ń kó o ran èèyàn láti bí ọjọ́ kan sí méjì kí nǹkan kan tó yọ lára rẹ̀. Kò ní dẹ́kun títí gbogbo ìléròrò náà yóò fi gbẹ tí wọn yóò di èépá, èyí tó sábà máa ń tó ọjọ́ márùn-ún. Ìyá tó rí ìléròrò àkọ́kọ́ láyà ọmọ láàárọ̀ Ọjọ́rú ti ń fa èémí àrùn náà símú láti ọjọ́ Ajé. Bí a bá sáré gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà ní Ìtòkú lọ́sàn-án ọjọ́ náà, a ò gba ìyá rẹ̀ sílẹ̀ mọ́. A kàn lè gbé àrùn lọ bá aboyún mìíràn nínú agboolé ni.

Ṣé ìyá yìí ti ní in rí? Bó bá dá a lójú pé ó ti ní in ní kékeré, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ewu. Àmọ́ ẹ má fi gbogbo ara gba ohun tí ìyá àgbà bá rántí. “Ó ti yọ ọ́ rí” lẹ́nu wọn lè jẹ́ èéyi, ó lè jẹ́ ooru. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló ń fi hàn bóyá ara rẹ̀ ti mọ àrùn náà.

Bí kò bá tíì ní in, tàbí tí kò dá a lójú, ọjọ́ yẹn gan-an ni kó kàn sí ilé ìwòsàn, ìbáà ṣe FMC (Federal Medical Centre) ní Ìdí-Àbá, State Hospital ní Ìjàyè tàbí Sacred Heart ní Láńtòrò. Kó pè wọ́n lórí fóònù tàbí kó rán èèyàn ṣáájú. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, orí bẹ́ǹṣì kan náà pẹ̀lú àwọn aboyún ẹgbẹ́ rẹ̀ ló máa jókòó sí, ìṣẹ́jú 15 nínú yàrá kan sì ti tó láti kó o. Kó kọ ọjọ́ tí ìléròrò àkọ́kọ́ yọ sórí ìwé, kó kọ iye ọ̀sẹ̀ oyún náà sí i. Ohun tí dókítà máa fi ṣiṣẹ́ nìyẹn: láti ọjọ́ tí ìléròrò àkọ́kọ́ yọ lára ọmọ ni wọ́n ti ń ka ọjọ́. Abẹ́rẹ́ immunoglobulin (èròjà inú ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn tó ń bá àrùn jà) kò wúlò mọ́ bó bá ti kọjá ọjọ́ 10. Dókítà mìíràn lè yan aciclovir, oògùn tó ń gbógun ti kòkòrò àrùn náà, èyí tí wọ́n sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ keje.

Lẹ́yìn náà, láti ọjọ́ 10 sí 21 (ó lè dé 28 bó bá gba abẹ́rẹ́), kó máa yẹ ara rẹ̀ wò. Bí ìléròrò kan bá yọ, kó má dúró de èkejì, torí inú wákàtí 24 àkọ́kọ́ ni aciclovir ń ṣiṣẹ́ jù. Bí èémí rẹ̀ kò bá délẹ̀ tàbí tí àyà ń dùn ún, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀, ìbáà jẹ́ lóru. Òtútù àyà ni ṣìkẹ́npọ́ọ̀sì fi ń pa aboyún.

Ní ti ọmọ inú, bí ìyá bá ní in kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 20, bí ọmọ kan tàbí méjì nínú 100 ló lè ní àpá, tàbí kí ojú tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ ní àbùkù. Àwọn tó kù kì í ní nǹkan kan. Ibi tó tún léwu ni ìgbà ìbímọ: bí ìléròrò bá yọ lára ìyá láti ọjọ́ márùn-ún ṣáájú ìbímọ sí ọjọ́ méjì lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ tuntun lè ṣàìsàn gidigidi.

Nílé, kí ẹni tó ti ní in rí máa wẹ ọmọ náà. Pàrásítámọ̀ ni kẹ́ ẹ fún un bí ara rẹ̀ bá gbóná. Ẹ má fún un ní aspirin rárá, ẹ má sì fún un ní ibuprofen. Ẹ gé èékánná rẹ̀ kúrú. Ibi tó bá họ ni kòkòrò mìíràn ń gbà wọlé, ẹmu tí a bá sì dà lé e kò ràn án lọ́wọ́. Ẹ ṣí fèrèsé. Fún tábìlì àti ọwọ́ ilẹ̀kùn, ṣíbí ìjẹun méjì Jik tó jẹ́ 3.5% nínú omi lítà kan (pure water méjì) ti tó. Ẹ má pò ó mọ́ Harpic, torí èéfín rẹ̀ léwu.

Bí ó bá jẹ́ pé ikọ́, ojú pípọ́n àti ọ̀fìnkìn ló ṣáájú, tí nǹkan wá yọ láti ojú wá sísàlẹ̀, èéyi ni kẹ́ ẹ fura sí. Ìyẹn kò fún aboyún ní ju ọjọ́ mẹ́fà lọ láti gba immunoglobulin.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára ṣìkẹ́npọ́ọ̀sì àti ti èéyi kò sí fún aboyún. Lẹ́yìn ìbímọ ni kó gba ti ṣìkẹ́npọ́ọ̀sì, ẹ̀ẹ̀mejì, kí ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́rin wà láàárín wọn, kó sì tún dúró oṣù kan lẹ́yìn èkejì kó tó lóyún.