Ìwé Tí A Kò Fọwọ́ Sí

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọnú iṣẹ́ ìdènà oògùn olóró l'Amẹ́ríkà níbí, ibi tí mo ti fẹsẹ̀ kọ ni mo fẹ́ fi hàn yín.

Owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní Drug-Free Communities ni ẹgbẹ́ àdúgbò wa ń gbà. Òfin ọdún 1997 ló dá a sílẹ̀. Ó lè tó 125,000 dọ́là lọ́dún, fún ọdún márùn-ún. Ẹgbẹ́ sì lè tún un béèrè kí ó pé ọdún mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n ìjọba kì í dá ẹrù náà rù. Dọ́là kan tí wọ́n bá mú wá, àdúgbò gbọ́dọ̀ mú dọ́là kan tì í. Kò pọn dandan kó jẹ́ owó lọ́wọ́: gbọ̀ngàn tí ṣọ́ọ̀ṣì yá wa lọ́fẹ̀ẹ́ wà nínú ìṣirò, wákàtí táwọn èèyàn fi ṣiṣẹ́ láìgbowó náà wà níbẹ̀.

Lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀, a pe àwọn òbí jọ ní Sátidé kan. Nọ́ọ̀sì kan fi wákàtí mẹ́ta kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń tọ́jú oògùn ìrora kí ọwọ́ ọmọ má bàa tó o. Èrò kún gbọ̀ngàn, inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ìwé ìfọwọ́sí, níbi tí ẹni tó ṣiṣẹ́ láìgbowó ti ń kọ wákàtí rẹ̀. Nígbà tí a jókòó ti ìṣirò, wákàtí wọ̀nyẹn ò sí níbì kankan. Ẹnì kan ní ká kọ ọ́ báyìí, ká fi déètì àtijọ́ sí i. Mo ní rárá, irọ́ nìyẹn. A yọ ọ́ kúrò, a sì sáré títí ká tó rí ohun tí a fi dí àlàfo náà.

Láti ìgbà yẹn, ẹnu ọ̀nà ni ìwé mi máa ń wà, mo so bírò mọ́ ọn: orúkọ, déètì, wákàtí, iṣẹ́ tó ṣe. Ẹ má fi iṣẹ́ tó ṣe yẹn ṣeré o. Dókítà tó wá la àwọn òbí lọ́yẹ̀ nípa ìṣègùn, iye tí wọ́n ń san fún dókítà la ó kà. Bó bá jẹ́ pé àga ló bá wa gbé, iye alágbàṣe ni. Ó sì máa ń le sí i: lọ́dún keje àti ìkẹjọ, dọ́là kan àti sẹ́ǹtì mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ìyẹn 1.25, ni ẹ ó fi ti dọ́là ìjọba kọ̀ọ̀kan. Lọ́dún kẹsàn-án àti ìkẹwàá, 1.50.

Ẹ̀ka méjìlá láwùjọ ni wọ́n ní kó wà nínú ẹgbẹ́: òbí, ọlọ́pàá, ilé ìwé, oníṣòwò, ẹlẹ́sìn àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀ka àwọn ọ̀dọ́ ni ẹ má ṣe fi kún iye lásán. Ọmọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kan wo páálí ìkìlọ̀ tí a náwó sí, ó ní, "Ẹ̀yin àgbà nìkan ni èyí ń dẹ́rù bà. Ṣọ́ọ̀bù ìkángun òpópónà ń ta fépù fún wa, wọn kì í béèrè ọjọ́ orí." Bẹ́ẹ̀, láti ìparí ọdún 2019, ṣọ́ọ̀bù kò gbọdọ̀ ta fépù, ìyẹn sìgá oníbátìrì, fún ẹni tí kò tíì pé ọdún mọ́kànlélógún.

Òun àti ìyá kan nínú ẹgbẹ́ ló lọ bá oníṣọ́ọ̀bù náà sọ̀rọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n padà dé, ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló béèrè ìwé: wákàtí kan ààbọ̀, ó sì fọwọ́ sí i.