Òjò, oòrùn àti kẹ̀kẹ́ Márúwá: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nípa bíbo kẹ̀kẹ́ ní Iléṣà

Ọ̀pọ̀ awakọ̀ kẹ̀kẹ́ ní Iléṣà gbà pé bí tapólì bá ti nípọn, òjò ò lè wọlé mọ́. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Èyí tó nípọn tí wọ́n rán lódì yóò jò, èyí tí kò nípọn púpọ̀ tí wọ́n rán bó ṣe yẹ yóò gbé èrò láti Ẹrẹ́jà dé Ìsọ̀kùn láìjẹ́ kí omi ta sí wọn lára. Òjò tó ń wọ kẹ̀kẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ gba òkè. Ẹ̀gbẹ́ ló ń gbà, àti ìsàlẹ̀, láti ara táyà iwájú. Nítorí náà, ibi tí omi máa gbà jáde ló yẹ kéèyàn rò kó tó náwó sórí tapólì.

Àjà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ọ̀nà Iléṣà kò tẹ́jú, omi tó bá gbára jọ sórí àjà kì í sì pẹ́ níbẹ̀: bí kẹ̀kẹ́ bá ti dorí kọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tàbí tí ẹ tẹ bíréèkì, gbogbo rẹ̀ á ya bo gíláàsì iwájú, ìyókù á dà sórí itan awakọ̀. Ẹ da omi ife méjì sí àárín àjà nígbà tí kẹ̀kẹ́ bá wà lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Bí omi náà kò bá ṣàn lọ, àjà ti rọ̀, tàbí kí irin tó gbé e jìnnà síra jù. Fífà á le nìkan kò tó, torí tapólì tún máa ń nà nínú oòrùn. Ẹ ní kí wẹ́dà fi páìpù ½ íǹṣì kan kún irin àjà, kó tẹ̀ ẹ́ kí àárín rẹ̀ fi bí íǹṣì 2 ga ju etí méjèèjì lọ. Kó tó dáná sí irin, ẹ yọ wáyà négétíìfù kúrò lórí bátìrì, ẹ ká tapólì kúrò, ẹ sì gbé ìjókòó sọ̀kalẹ̀. Fóòmù kì í pẹ́ gbiná. Lẹ́yìn tí ẹ bá kun irin náà lọ́dà, ẹ fi túùbù àtijọ́ wé e. Irin tí kò ní nǹkan lára ló ń ha tapólì láti inú títí á fi lu, ẹ ó sì máa bú òjò.

Oríṣi tapólì méjì ló wọ́pọ̀ lọ́jà. Èkíní ni èyí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n hun, tí àwọn èèyàn fi ń bo ẹrù. Oòrùn ọ̀gbẹlẹ̀ á sọ ọ́ di gbígbẹ, á sì máa já wẹ́wẹ́. Èkejì ni PVC, irú èyí tí wọ́n fi ń bo tírélà. Ẹ wo etí rẹ̀ níbi tí wọ́n ti gé e: ẹ ó rí òwú láàárín ọ̀rá tó bò ó lókè àti nísàlẹ̀. Èyí tó wúwo tó gíráàmù 500 sí 650 ní mítà kan níbùú lóròó tó fún kẹ̀kẹ́. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò ní ṣe é ká sókè nígbà tí òjò bá dá.

Ẹ wọn kẹ̀kẹ́ yín kí ẹ tó ra ohunkóhun. Bajaj àti TVS kò rí bákan náà, àwọn wẹ́dà sì ti tún irin ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣe. Fún kọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́, ìyẹn tapólì tó ń bo ẹ̀gbẹ́ kẹ̀kẹ́, ẹ wọ̀n ọ́n láti abẹ́ etí àjà títí dé etí ilẹ̀ kẹ̀kẹ́. Ẹ fi íǹṣì 2 kún un fún ìṣẹ́tí òkè, íǹṣì 2 fún èyí tí yóò sọ̀ kalẹ̀ kọjá etí ilẹ̀, àti íǹṣì 3 fún àpò tí páìpù yóò wọ̀ nísàlẹ̀. Bí ẹ bá rí íǹṣì 48, íǹṣì 55 ni kí ẹ gé. Ní ti ìbú, ẹ fi íǹṣì 3 kún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù ni bí wọ́n ṣe ń so kọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ kọ́. Àwọn kan ń gbé orí rẹ̀ lé orí àjà níta, omi á wá máa gba àárín méjèèjì wọlé. Abẹ́ etí àjà ni orí kọ́tìnnì gbọ́dọ̀ wà, kí àjà fi bí íǹṣì 2 bò ó mọ́lẹ̀, gẹ́gẹ́ bí páànù òkè ṣe ń gorí páànù ìsàlẹ̀. Nísàlẹ̀, ìta ara kẹ̀kẹ́ ni kó bọ́ sí, kì í ṣe inú. Bó bá bọ́ sínú, gbogbo omi tó ṣàn lára rẹ̀ á dúró sí ẹsẹ̀ èrò. Bó bá jẹ́ aṣọ méjì ni wọ́n rán pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, èyí tó wà níwájú ni kó gorí èyí tó wà lẹ́yìn, torí iwájú ni kẹ̀kẹ́ ń lọ, ẹ̀yìn ni atẹ́gùn ń gbá òjò sí.

Ọ̀rọ̀ òwú wá ńkọ́? Òwú lásán máa ń jẹrà nínú ọ̀rinrin. Náílọ́ọ̀nù lágbára, ṣùgbọ́n oòrùn ń jẹ ẹ́ yára ju pọliẹ́sítà lọ, nítorí náà pọliẹ́sítà ni kí ẹ béèrè. Kí wọ́n lo abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 18, kí ihò abẹ́rẹ́ kan sí èkejì jẹ́ mílímítà 4 sí 5. Ọ̀pọ̀ télọ̀ rò pé bí ihò bá ṣe súnmọ́ra tó ni iṣẹ́ ṣe le tó. Ti aṣọ ni ìyẹn. Lára tapólì, ihò tó súnmọ́ra ń gé ọ̀rá náà ni, ibẹ̀ náà ló sì máa ya. Kí wọ́n ṣẹ́ etí méjèèjì wọnú ara wọn, kí wọ́n sì rán an ní ìlà méjì. Lẹ́yìn náà, ẹ fi gọ́ọ̀mù bàtà, irú èyí tó ṣì ń rọ̀ lẹ́yìn tó bá gbẹ, lẹ ọ̀já tapólì oníbùú íǹṣì 1 bo ihò abẹ́rẹ́ láti inú. Ẹ kọ́kọ́ dán gọ́ọ̀mù náà wò lára àjákù. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ páìpù omi kò dára fún un. Ó ń le gbagidi, ó sì ń sán.

Ẹ ti páìpù wáyà ilé, ¾ íǹṣì, bọ àpò ìsàlẹ̀. Òun ni kò ní jẹ́ kí kọ́tìnnì máa fì, òun náà lẹ ó sì fi máa ká a sókè. Ẹ gé túùbù àtijọ́ ní ọ̀já oníbùú íǹṣì 1 láti fi so ó. Ó ń nà, ó ń fà padà, kì í já wẹ́rẹ́ bí okùn. Áílẹ́ẹ̀tì onídẹ, òrùka kékeré tí wọ́n ń fi sí ihò tí okùn ń gbà, ni kí ẹ rà, torí ti irin yóò dípẹtà. Kí ọ̀kan jìnnà sí èkejì ní íǹṣì 6, kí tapólì sì jẹ́ ìlọ́po méjì lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan àti ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Velcro, ọ̀já méjì tó máa ń lẹ̀ mọ́ra wọn, dára ní etí òró, kò dára nísàlẹ̀: ẹrẹ̀ á dí i. Ọ̀tún tí èrò ń gbà sọ̀ kalẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe é ṣí láti inú pẹ̀lú ọwọ́ kan. Kọ́tìnnì tí wọ́n fi okùn dì láti ìta kò yẹ kó wà lára ọkọ̀ èrò rárá. Bí kẹ̀kẹ́ bá dojú dé, ta ni yóò tú u?

Fún ojú fèrèsé, ẹ lo ọ̀rá PVC tí a lè rí ìta láti inú rẹ̀, nípọn tó mílímítà 0.5 sí 0.75. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, kó gùn láti òkè dé ìsàlẹ̀ dígí tí awakọ̀ fi ń wo ẹ̀yìn, kí ó lè máa rí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹ má fi aṣọ gbígbẹ nù ún nígbà ọyẹ́. Eruku tó wà lára rẹ̀ á ha á. Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ dà sí i, kí ẹ tó fi ọṣẹ olómi fọ̀ ọ́. Pẹtiróòlù àti tínà máa ń sọ ọ́ di funfun báláú.

Ohun kan wà tí àwọn èèyàn kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀: èéfín. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì àti sàlẹ́ńsà wà. Bí ẹ bá ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pa tí ẹ fi ẹ̀yìn sílẹ̀ gbayawu, atẹ́gùn tó ń yí lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ yóò máa fa èéfín wọlé, gáàsì olóró kan sì wà nínú rẹ̀ tí imú kì í gbọ́. Bí orí bá ń fọ́ èrò tàbí tí òòyì ń kọ́ wọn nígbà òjò, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ ti ẹ̀yìn náà pa, kí ẹ sì fi àlàfo íǹṣì 2 sílẹ̀ lókè níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Àlàfo yìí náà ni kò ní jẹ́ kí gíláàsì bò fún èémí. Ṣùgbọ́n kí kọ́tìnnì ẹ̀yìn má bo ihò ara ìlẹ̀kùn ẹ́ńjìnnì. Atẹ́gùn fáànù ló ń mú ẹ́ńjìnnì kẹ̀kẹ́ tutù. Ẹ dí ihò yẹn, yóò gbóná jù kí ẹ tó gun òkè kan tán.

Ní ti ìsàlẹ̀, ẹ fi rọ́bà ṣe mọ́dúgáàdì kún ti iwájú, kó fi íǹṣì 2 fẹ̀ ju táyà lọ lọ́tùn-ún àti lósì, kí etí rẹ̀ ga ní íǹṣì 4 sílẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá fi bóòtù àti wáṣà ńlá dè é, ẹ tẹ iwájú kẹ̀kẹ́ mọ́lẹ̀, kí ẹ sì yí ọwọ́ rẹ̀ dé òpin lọ́tùn-ún àti lósì, kí ẹ rí i pé bóòtù kò kan táyà. Ẹ má tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ kẹ̀kẹ́. Ó ń mu omi, ilẹ̀ á dípẹtà lábẹ́ rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i. Rọ́bà tó ṣe é gbé jáde ló tọ́, pẹ̀lú ihò mílímítà 8 méjì níbi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀ jù, kí ẹ fi ọ̀dà kun ojú irin tí ihò náà ṣí sílẹ̀.

Bí gíláàsì iwájú bá ń jò, igun ìsàlẹ̀ rọ́bà rẹ̀ ni. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ fi silikónì sí i. Silikónì tó ń rùn bíi fínígà máa ń jẹ irin, ẹ ra èyí tí kì í rùn bẹ́ẹ̀. Wípà ò le: ẹ pààrọ̀ rọ́bà rẹ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ẹ má sì tàn án lórí eruku gbígbẹ.

Fóòmù ìjókòó ni àwọn èèyàn fi ń ṣọ́wó ná. Èyí tó rọ̀ jù máa ń dùn lọ́jọ́ tí wọ́n rà á, kò ní pẹ́ tí èrò á fi máa jókòó lórí pákó. Ẹ fi fóòmù líle oníǹṣì 2 sísàlẹ̀, kí ẹ fi èyí tó rọ̀ díẹ̀ oníǹṣì 2 lé e. Kí wọ́n fi ọ̀rá wé fóòmù náà kí wọ́n tó fi lẹ́dà bò ó, torí omi máa ń gba ihò abẹ́rẹ́ wọlé, fóòmù tó bá sì mu omi kì í gbẹ bọ̀rọ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ dá ihò kéékèèké sí abẹ́ pákó ìjókòó kí afẹ́fẹ́ lè jáde. Láìsí i, lẹ́dà á bẹ́ létí bí ẹni tó sanra bá jókòó. Àwọ̀ dúdú kò dọ̀tí, ṣùgbọ́n ìjókòó dúdú tó wà nínú oòrùn ọ̀sán ń jó itan.

Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé tí ẹ tú kọ́tìnnì sílẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ tinú tòde, ẹ wọ́n páúdà díẹ̀ sójú fèrèsé rẹ̀ kó má baà lẹ̀ mọ́ra, kí ẹ sì ká a roboto. Ẹ má ṣẹ́ ẹ po, ojú ibi tí ẹ ti ṣẹ́ ẹ ló máa kọ́kọ́ sán. Ẹ má sì gbé e ti àpò gààrí. Èkúté tó wá jẹ gààrí kò ní ṣàì tọ́ tapólì wò.