Ọdún 2024: ohun tó jẹ owó lọ́rì wa

Ẹ bá wa dúpẹ́, ọdún ti parí. Lọ́rì 911 wa wà ní ìta ní Adó-Èkìtì báyìí, kò gbé nǹkan kan. Ẹ má rò pé torí ó dúró, kò náwó o. Dírẹ́bà ń gba owó oṣù, ọlọ́dẹ ń gba tiẹ̀, bátìrì ń kú lọ, ìwé ọkọ̀ náà kò sì ní ká má tún òun ṣe.

Bí ẹ bá bi onílọ́rì kí ló jẹ owó rẹ̀ lọ́dún yìí, dísù ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ. Ní oṣù kẹrin tí Dangote já dísù sí ₦1,000 lítà kan, tó tún já a sí ₦940, ṣe ni àwọn oníbàárà ń pè mí pé kí èmi náà já owó ẹrù. Ẹni tó ń ra mílíọ̀nù márùn-ún lítà ni ₦940 yẹn wà fún! Síbẹ̀, dísù kì í yọ́ ni jẹ. A mọ iye tí a rà á, a sì lè kà á mọ́ owó ẹrù kí ọkọ̀ tó gbéra.

Àbọ̀ òfìfo ló jẹ wá. Pákó àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ la ń gbé lọ sí Èkó, a sì ń gbé iṣu nígbà tí iṣu Ìkọ̀lé bá jáde. Bí wọ́n bá já ẹrù tán, ọkọ̀ á wá máa retí ohun tí yóò gbé padà. Bí a bá rí sìmẹ́ńtì gbé ní Ewékorò, ó dára. Bí a kò bá rí i, afẹ́fẹ́ là ń gbé bọ̀ wálé. Kò sí oníṣòwò pákó tó máa san owó àbọ̀ fún ẹ. Àwọn tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì lójú ọ̀nà kò sì bìkítà bóyá ẹrù wà lẹ́yìn tàbí kò sí.

Ti òkè Ẹ̀fọ̀n, tó wà lójú ọ̀nà Adó sí Iléṣà, tún yàtọ̀. Pákó tútù wúwo gan-an. Bí wọ́n bá kọjá Ìtawúrẹ́, jíà kékeré ni, ọmọ mọ́tò á ti bọ́ sílẹ̀, á máa gbé igi tẹ̀ lé táyà ẹ̀yìn, kí ọkọ̀ má baà yí padà sẹ́yìn. Bí wọ́n bá ń sọ̀ lọ sí ìhà Iléṣà, Bàbá dírẹ́bà kì í yọ jíà rárá, torí bíréèkì tó bá gbóná jù kì í mú mọ́. Pẹ̀lú gbogbo ìṣọ́ra yẹn, bíréèkì àti sípíríǹgì ni mekáníìkì ń pè mí sí jù. Láti ìgbà tí wọ́n ti jọ̀wọ́ náírà ní oṣù kẹfà ọdún 2023, pé kí ọjà máa sọ iye tí a ó fi ra dọ́là, iye tí wọ́n bá pe páàtì láàárọ̀, ẹ tètè san án kó tó di ìrọ̀lẹ́. Táyà tòkúnbọ̀ ni wọ́n ní kí n máa rà. Mo kọ̀. Èyí tó bá bẹ́ lórí òkè yẹn, ẹ̀mí ló ń wá.

Lọ́dún tó ń bọ̀, ọkọ̀ kò ní kúrò ní Adó bí a kò bá tíì rí ẹni tó ní ẹrù àbọ̀. Bàbá dírẹ́bà ní, “Ọ̀gá, ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò ní dúró dè yín o.” Mo ní ká fi oṣù kìíní dán an wò ná. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹrù láti Ewékorò tàbí Ìbàdàn wá sí Adó, Ìkẹ́rẹ́ tàbí Ìkọ̀lé, ẹ bá mi sọ̀rọ̀. Owó àbọ̀ kò wọ́n tó owó àlọ.