Bí sínóò bá dá ọkọ̀ yín dúró, sàlẹ́ńsà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Ní Buffalo, ìpínlẹ̀ New York, adágún Erie ló ń sọ sínóò di ogun. Afẹ́fẹ́ tútù á gba orí omi tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ kọjá, á fa ọ̀rinrin sókè, á wá dà á sílẹ̀ lójú ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Ní oṣù kọkànlá 2022, nǹkan bí íńṣì 80 ló bọ́ sí Orchard Park, ìlú kan lápá gúúsù Buffalo, láàárín ọjọ́ mélòó kan. Àwọn àdúgbò kan lápá àríwá kò rí tó bẹ́ẹ̀ rárá. Nítorí náà, ojú ọjọ́ ibi tí ẹ ń lọ ni kí ẹ wò, kì í ṣe ti iwájú ilé yín. Bí ìjọba bá sì ní kí ẹnikẹ́ni má wakọ̀, ẹ jókòó sílé. Ìjì Kérésìmesì ọdún náà pa èèyàn tó lé ní 40 lágbègbè yẹn, inú ọkọ̀ sì ni wọ́n ti bá òkú àwọn kan.

Táyà òtútù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kí ẹ fi sí i. Bí ẹ bá fi sí iwájú nìkan, ẹ̀yìn ọkọ̀ á yọ̀ lọ nígbà tí ẹ bá ń yà. Bí òtútù bá ti wálẹ̀ ju 7°C lọ, rọ́bà táyà ẹ̀ẹ̀rùn á bẹ̀rẹ̀ sí í le, kò ní lè di ilẹ̀ mú dáadáa. Ẹ tún wọn afẹ́fẹ́ inú táyà, torí òtútù máa ń dín in kù.

Ẹ gbá sínóò orí ọkọ̀ dànù pátápátá kí ẹ tó gbéra. Tí ẹ bá tẹ bíréèkì, gbogbo rẹ̀ lè ya wá bo gíláàsì iwájú. Ẹ gbọn bàtà yín pẹ̀lú, kí ẹsẹ̀ má baà yọ̀ lórí bíréèkì.

Lójú ọ̀nà, ẹ rọra máa ṣe ohun gbogbo. Orí afárá ló máa ń kọ́kọ́ di yìnyín, torí afẹ́fẹ́ tútù ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Bí bíréèkì ABS, èyí tí kì í jẹ́ kí táyà há tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lójijì, bá ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, ẹ má ṣe yọ ẹsẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe.

Bí táyà bá rì, ẹ má fi agbára tẹ tọ́rọ́tù: táyà tó ń yí lójú kan ń yọ́ sínóò, á wá di yìnyín. Ẹ to táyà gún, ẹ fi ṣọ́bìrì gbẹ́ iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ da iyanrìn sí abẹ́ àwọn táyà tí ẹ́ńjìnnì ń yí, kí ẹ wá rọra máa lọ síwájú, kí ẹ máa bọ̀ sẹ́yìn.

Bí kò bá jáde, ẹ má fi ọkọ̀ sílẹ̀ lọ nínú ìjì. Ẹ pe 911, nọ́ńbà pàjáwìrì Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì nítorí hítà, ẹ lọ sẹ́yìn, ẹ fi ọwọ́ wá ẹnu sàlẹ́ńsà, ẹ gbẹ́ gbogbo àyíká rẹ̀. Bí sínóò bá dí i, èéfín olóró tí wọ́n ń pè ní kábọ́ọ̀nù mónósáìdì á wọ inú ọkọ̀, kò lóòórùn, ojú kò sì rí i. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú 10 péré ní wákàtí kan, kí ẹ ṣí fèrèsé apá tí afẹ́fẹ́ kò ti fẹ́ wá díẹ̀. Ẹ tún sàlẹ́ńsà yẹn gbẹ́ kí ẹ tó tan án lẹ́ẹ̀kejì, torí sínóò kò dúró dè yín. Bí orí bá ń fọ́ yín tàbí tí èébì ń gbé yín, ẹ pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì ṣílẹ̀kùn.